Òjìji Àfòpiná

Iná ọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ní Ògìdì.
Mo gbé fìtílà sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé,
níbi tí ìyá mi ti ń sá kọfí nígbà ayé rẹ̀.
Mejàbí, ọmọ kíláàsì mi tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀,
jókòó tì mí, iná foonù rẹ̀ ku ìlà kan.

"Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń rí ayé mìíràn
tí ojú kankan ò tó?"

N kò tíì dáhùn tí àfòpiná kan fi gba iwájú fìtílà kọjá.
Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lójú wa, díẹ̀ báyìí,
ó tún padà.
Mo ní: bẹ́ẹ̀ náà ni.
Wọn ò rí àfòpiná. Iná ni wọ́n ń ṣọ́.
Bí ìràwọ̀ bá ṣẹ́jú, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀;
bó bá tún ṣẹ́jú lọ́jọ́ tí wọ́n fojú sí,
wọn a ní, nǹkan kan ń yí i ká o.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ti kà.
Òmíràn sún mọ́ oòrùn rẹ̀ bí ẹni jókòó sínú ààrò,
òkúta ibẹ̀ ń yọ́ bí òrí.
Òmíràn jìnnà débi pé èémí á gan mọ́ni nímú.
Òmíràn ò nílẹ̀ téèyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀ rárá.
Díẹ̀ péré ló wà níbi tó ṣeé ṣe kí omi dúró lómi,
ìyẹn náà, "ó ṣeé ṣe" ni.
A ò tíì gbọ́ ohùn ẹyọ ọ̀pọ̀lọ́ kan níbẹ̀.

Ìyá mi ì bá ti lóye rẹ̀ kíá.
Kọfí tó bá pẹ́ jù lóòrùn, á fọ́;
èyí tó bá tètè wọlé, á bu.
Ṣe ni yóò mú hóró kan, yóò gé e jẹ,
yóò ní, "Ó ku wákàtí kan."
Ta ló gé ayé yìí jẹ wò
kó tó fi í sí ibi tó wà?
N kò mọ̀. Ìwé tí mo ń kọ́ wọn ò débẹ̀.

Foonù kú. Mejàbí tọ́ka sí kòtò kan lórí àpáta,
kò fẹ̀ ju awo ọbẹ̀ lọ, òjò àná ló ponmi sí i,
ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta ń ju ìrù nínú rẹ̀.
Gbogbo àpáta yòókù gbẹ táútáú.

Okun la fi ń kí ara wa nílẹ̀ yìí.
Òkun ni wọ́n ń wá lójú ọ̀run.
Ọmọ náà dìde, ó kọjú sókè, ó pariwo:
"Okun o!"
A dúró.
A dúró díẹ̀ sí i.

Ká tó sọ̀kalẹ̀, ó já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan,
ó fi bo kòtò omi náà,
nítorí oòrùn ọ̀la.