Ìwé Mẹ́ta Lórí Tábìlì Kan

Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Kúṣìmọ́ ní Ṣómólú
la ti ń ṣèpàdé, ọjọ́ Ìsinmi tó bá kẹ́yìn oṣù.
Bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Fáànù kan tó ń kùn bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Òórùn yíǹkì kò jẹ́ ká gbóòórùn ara wa.
Èmi Láníyọnu, akọ̀wé,
bírò tí kì í fẹ́ yọ ni mo fi ń kọ
orúkọ àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ilé là ń kọ.
Ilé tó jìnnà sí wa ní ìrìn wákàtí mẹ́rin,
bí òjò ò bá tíì gbé afárá lọ.

Lọ́dún tó kọjá, a fi ìrẹsì ránṣẹ́ sílé.
Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì Yábàá náà fi ìrẹsì ránṣẹ́.
Nọ́ọ̀sì Ṣiyanbọ́lá, tó dá ẹgbẹ́ aláàánú kékeré sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta,
òun náà, ìrẹsì.
Awakọ̀ kan ò kọjá títì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Àtàndá
ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí,
àpò mọ́kànlá; kòkòrò jẹ ẹ́ yó.
Lódìkejì odò, ọmọ ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Àánú mẹ́ta tí kò bára wọn sọ̀rọ̀,
ẹnu kan ni wọ́n ń bọ́.

Ìdí nìyẹn tá a fi jókòó pọ̀ lónìí.
Àwọn ìyá Yábàá gbé ìwé tiwọn dé nínú ọ̀rá.
Nọ́ọ̀sì ní inú fóònù ni tòun wà.
Kúṣìmọ́ ní, bí iná fóònù bá kú ńkọ́?
Ó dà á kọ. Ó ń pòṣé, ó sì ń kọ.

A tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
à ń ka orúkọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.
Ìdílé Ajíṣafẹ́? Ó wà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ yọ méjì.
Opó Láṣebìkan? Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ló ń wá, kì í ṣe ìrẹsì.
Àwọn ìbejì òkè mọ́ṣáláṣí? Wọ́n ti kó lọ.
Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀: ta ni yóò sanwó ọkọ̀,
orúkọ ẹgbẹ́ wo ni yóò wà lára àpò.
Ìyá Yábàá kan dìde, ó gbé báàgì rẹ̀.
Omi tútù la fi bẹ̀ ẹ́.

Aago márùn-ún ti kọjá kí n tó ṣàkíyèsí
pé ẹnìkan ṣoṣo ló fi gbogbo orúkọ wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wa.
Wúlẹ̀mọ́tù, tó ń ti ilé dé ilé,
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ,
tó ń béèrè pé: Ẹ jẹun lánàá? Òrùlé ń jò? Ọmọ mélòó?
tó ń fi owó ara rẹ̀ ra káàdì pè wá.
Mo wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tiwa. Kò sí.
Nínú ti Yábàá. Kò sí.
Nọ́ọ̀sì fi ìka tọ tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.
Kò pòṣé mọ́.

Mo pè é. Òjò ń rọ̀ lọ́hùn-ún,
mò ń gbọ́ bó ṣe ń kán,
tó, tó, sínú garawa, nínú ilé.
Mo ní, "Wúlẹ̀mọ́tù, kí ló dé tí o ò kọ tìẹ?"
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní,
"Mo rò pé ẹ mọ̀ mí ni."

Páànù mẹ́rìndínlógún. Ìṣó kílò méjì.
Ta ni yóò gbé e dé etí odò, ta ni yóò gbé e sọdá,
a kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
Ìyá tó fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló kọ́kọ́ tú etí aṣọ.
Bírò mi tún kọ̀, kò yọ.
Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ ya.
Ẹni tó bá ṣí ewé yẹn sẹ́yìn,
kó fi ọwọ́ pa á:
orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.