Ògbufọ̀ Tuntun

Winnipeg. Ìwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ òdo.
Èémí wa ti di dígí kejì lára fèrèsé.
Mo jókòó sí ọ́fíìsì àjọ tí ń yá àlejò ní kóòtù,
èmi, kọ̀ǹpútà, àti tíì tó ti tutù láti aago mẹ́sàn-án.
Ògbufọ̀ la fẹ́ pààrọ̀.

Ẹ má rò pé ènìyàn ni.
Kóòdù wa kò gbọ́ èdè àká tí a ń kó orúkọ sí,
àká náà kò sì gbọ́ tirẹ̀.
Ẹnìkan ló ń dúró láàárín,
tí ń sọ ọ́ síhìn-ín, tí ń sọ ọ́ sọ́hùn-ún.
Ọdún mọ́kànlá ni ti àtijọ́ fi ṣe é.
Marcel ló mú un wá, kó tó fẹ̀yìn tì lọ Gimli;
ó fi gbólóhùn kan sílẹ̀ lókè kóòdù:
"Má fọwọ́ kan ibí. Ó ń ṣiṣẹ́; n kò mọ ìdí."

Aláápọn ni, kò kàn ní làákàyè.
Béèrè ogójì kóòtù àti ẹni tó yá wọn,
á lọ sí àká, á kó ogójì kóòtù dé,
á tún padà lọ béèrè ẹni tó yá àkọ́kọ́,
á padà lọ nítorí èkejì,
ìgbà mọ́kànlélógójì lójú ọ̀nà kan ṣoṣo,
bí ọmọ tí a rán ní iyọ̀
tó ń mú un wálé ní hóró kọ̀ọ̀kan.
Àwọn èèyàn á sì tò síta,
òjò dídì á máa bọ́ sí wọn léjìká.

Tuntun yìí gbé agbọ̀n lọ. Ẹ̀ẹ̀kan, ó ti dé.
Ṣùgbọ́n ó le bí olùkọ́ ìṣirò:
"òfìfo" àti "kò sí" kì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀,
kò sì ní bá ọ méfò.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún ìbéèrè kọ,
tí Oksana ń dán an wò lẹ́yìn mi,
tó ń ké láti tábìlì rẹ̀: "Pupa!"
Pupa. Pupa.
Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ó dákẹ́. Mo yíjú.
Àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀.

Aago méjì òru, mo ń kó orúkọ kọjá.
Mo ní: fi èyí tó ní àmì ìbéèrè nínú hàn mí.
Igba ó lé méjìlá.
Mo ṣí àkọ́kọ́.
?ni?lá. Kóòtù búlúù, bọ́tìnì kan ti já. Oṣù Kejìlá, ọdún tí mo dé.

Èmi ni.
Ẹniọlá. Ògbufọ̀ àtijọ́ kò rí ẹsẹ̀ ẹ, kò rí ẹsẹ̀ ọ,
ó gbé ìbéèrè síbi tí ọlá ti bẹ̀rẹ̀,
kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ ìbéèrè
nínú àká tí èmi fúnra mi ń gbá.

Mo fọwọ́ tẹ orúkọ mi padà.
Ó ku igba ó lé mọ́kànlá.
Ọ̀kan wà tó jẹ́ àmì ìbéèrè látòkèdélẹ̀,
mẹ́fà gbáko, fún kóòtù ọmọdé.
Kí ni wọ́n ń pè é nílé?
Tuntun kò méfò. N kò gbọdọ̀ méfò.
Nọ́ńbà fóònù wà níwájú wọn; nọ́ńbà kò sọnù rí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo tẹ ọ̀kan.
Ó dún títí. Ọkùnrin kan gbé e, ìfura wà lóhùn rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòtù.
Orúkọ yín ni mo fẹ́ kí ẹ pè fún mi,
díẹ̀díẹ̀."