Ìdodo Ìgò

Ọjọ́ ọjà Àjàrá ni mo kọ́kọ́ rí i,
nídìí àtẹ Dòsú, tí àwa ì bá pè ní Ìdòwú,
láàárín ìṣó tó ti dípẹtà àti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ.
Ó dúdú bí ìdí ìkòkò aláró.
Epo àtùpà ni wọ́n ń rọ sínú ẹ̀.
Mo ní, èló? Ó ní, ẹgbẹ̀rún kan.
Mo yíjú, mo ṣe bí ẹni ń lọ,
ó pè mí padà,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fáránkì la parí ẹ̀ sí.

Muníbátù ìyàwó mi wò ó, ó wò mí.
“O fi ọgbọ̀n ọdún já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin,
ìgò epo àtùpà lo wá ń fi owó ìfẹ̀yìntì rà?”
N kò dá a lóhùn.
Mo bu eérú, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i,
mo ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ọrùn ẹ̀ tóóró,
mo fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ mi fi ń rùn bí àtùpà.
Ó ṣì dúdú.
Mo gbé e sójú fèrèsé, mo lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Oòrùn gba orí páánù aládùúgbò wọlé,
ó kan ìgò,
ògiri wa bá pọ́n.
Kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe pupa osùn:
pupa omi ìsápá tó pẹ́ lórí iná jù.
Muníbátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀,
kò gbálẹ̀.
Ó ní, “Dúdú kọ́ o.”

Láti ìgbà náà ni mo ti di ọdẹ ohun dúdú.
Èyí tó dà bí ewé gbọ̀ọ̀rọ̀ lóru, Wàndó ni mo ti rà á.
Èyí tó dà bí aró, mo gbà á lọ́wọ́ opó Àgùdà kan
tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọkọ ẹ̀ ń wó lù ú díẹ̀díẹ̀.
Ó ní òdòdó kankan kò wọ inú ẹ̀ rí;
ìyá ọkọ òun ní òdòdó a máa kú,
ojú a sì máa ti ìgò.

Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ náà.
Ọmọkùnrin kan ní Bàhíà ni tòun ti wá.
Mo fi èékánná ha á, ọ̀dà ṣí,
abẹ́ ẹ̀ funfun bí eyín ẹni tó ń ta á.

Bí o bá fẹ́ mọ ojúlówó,
dorí ẹ̀ kodò, wá ìdodo.
Níbi tí alágbẹ̀dẹ ìgò ti já a kúrò lẹ́nu irin,
àpá kan wà níbẹ̀, ṣágiṣàgi,
bí ìdodo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.
Èyí tí ẹ̀rọ ṣe kò ní in. A kò bí i.
Wá gbé e sókè, wo inú ara ẹ̀:
wàá rí afẹ́fẹ́ róbótó kan, kò tó hóró ọkà bàbà.
Èémí ẹnìkan ni.
Onítọ̀hún ti kú nílùú tí n kò mọ orúkọ ẹ̀,
ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ sínú ìgò kò tíì jáde.

Wakílù ọmọ ọmọ mi ló jẹ́ kó jáde.
Bọ́ọ̀lù rọ́bà, ọ̀sán Jímọ́ọ̀, mo ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́.
Ti àkọ́kọ́ ni, ti Dòsú.
Gbogbo ilé dákẹ́ láti gbọ́ ohun tí màá wí.
Ọmọ ti fọwọ́ bo etí, ó ń retí ìfọ́tí.
Èmi ò gbọ́ ìró ìfọ́.
Ohun tí mo gbọ́ ni hìn-ìn,
bí ẹni tó ru ẹrù ti ọ̀nà jíjìn bọ̀,
tó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Mo ṣa àfọ́kù. Dúdú ni wọ́n lórí sìmẹ́ǹtì.
Ìdí ẹ̀ nìkan ni kò fọ́, ìdodo ẹ̀ pé.
Muníbátù ló gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi,
òun fúnra ẹ̀ ló gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀,
níbi tí a sin ìwọ́ bàbá Wakílù sí.
A ò sọ fún aládùúgbò.

Ọ̀la lọjọ́ ọjà Àjàrá.
Ó ti ki ẹgbẹ̀rún fáránkì kan bọ àpò mi,
kò mọ̀ pé mo rí i.