Ẹ Má Gé Fóònù Náà

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni fóònù ti wà létí mi.
Obìnrin kan tí kì í mí, tí kì í wúkọ́,
ń sọ fún mi pé ìpè mi ṣe pàtàkì.
Ó ti sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi ṣá.
Ohun tó bá ṣe pàtàkì kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tó báyìí.

Harlan jókòó ní ilé ìdáná,
ó fi kóòtù bàbá rẹ̀ bora nínú oṣù Keje,
òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.
Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni kò ti fọwọ́ kan nǹkan yẹn.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì,
ṣíbí inú ife mi ń dún wín-ín-wín-ín.

Kì í ṣe ìgboro ló ti kọ́ ọ.
Orí òrùlé ilé Stidham ló ti já bọ́, níbi tó ti ń kan páànù,
dókítà sì kọ oògùn ìrora fún un.
Ẹ̀yìn san. Oògùn kò lọ.
Àlejò ọjọ́ mẹ́ta ló di onílé,
tó ń bi wá léèrè ibi tí a ń kó owó sí.
Ó ta ẹ̀rọ ìgékoríko. Ó ta òrùka ìgbéyàwó mi.
N kò tíì dárí òrùka yẹn jì í.
Mo kàn ń bá a pè ni.

Twyla ti ilé ìtọ́jú òdìkejì odò Ohio
ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo,
òun á fi pamọ́ di aago márùn-ún, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó ní kí káàdì Medikéèdì rẹ̀ ṣáà ti máa ṣiṣẹ́.
Káàdì náà rèé níwájú mi, igun kan ti ya,
kò wúwo ju ewé gbígbẹ lọ.
Wọ́n ní ó ti kú láti oṣù Kàrún-ún.
Lẹ́tà tó yẹ ká fèsì sí lọ sí ilé wa àtijọ́,
èyí tí àgbàrá gbé lọ.
Omi gba lẹ́tà. Omi ò mọ̀wé kà.

Bàbá mi kì í gba nǹkan ìjọba.
Ó wa èédú títí èédú fi jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀,
ó ní òun ò ní tọrọ.
Ìjọba ló san owó afẹ́fẹ́ inú àgbá
tó mí títí ó fi kú.
A ò sọ fún un.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohùn èèyàn!
Ó ní Emmett ni orúkọ òun. Ó ti rẹ̀ ẹ́.
Mo ka nọ́ńbà, mo ka ọjọ́ ìbí, mo sọ̀rọ̀ òrùlé,
mo sọ̀rọ̀ òrùka, èyí tí kò bi mí.
Ó ní, "Ẹ dúró díẹ̀."
Mo ní, "Jọ̀wọ́, ẹ má gé fóònù náà."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí ìka rẹ̀ ń tẹ nǹkan.
Ó ní, "Mà, àbúrò mi náà—"
Kò parí rẹ̀.
Ó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ kò tíì pé, ó ku mẹ́rin,
òun ti ṣí i padà.
Mo kọ nọ́ńbà tó fún mi sẹ́yìn ọ̀rá búrẹ́dì,
mo tún un kọ sí ọwọ́ mi.

Epo mọ́tò kò tó ìdajì. A jáde.
Lórí afárá, Harlan gbé orí lé gíláàsì fèrèsé.
Ó ní, "Màámi, bí mo bá sá kúrò níbẹ̀ ńkọ́?"
Odò dúdú nísàlẹ̀, ọkọ̀ èédú kan ń rọra lọ.
Mo ní, "Á jẹ́ pé màá tún pè wọ́n."