Owó Àpò Tarjei

Aago mẹ́ta ọ̀sán, òkùnkùn ti bolẹ̀.
Lóṣù Kejìlá, ní àríwá Nọ́wè níbí, oòrùn kì í yọ rárá,
á kàn fi ìka tọ́ ẹ̀yìn òkè, á padà lọ sùn.
Èmi àti Eilif jókòó ti tábìlì ìdáná,
ìwé kan láàárín wa, bírò kan,
kọfí tó ti tutù.
Ọ̀rọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ:
èló ni ká máa fún ọmọ lọ́sẹ̀?

Eilif ní ogún kírónì tó.
Mo ní, ogún? Ogún ò ra búrẹ́dì aládùn kan ní ṣọ́ọ̀bù Gudveig,
àfi kó gbóòórùn rẹ̀ kó máa bọ̀ nílé.
Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án,
bàbá òun ò fún òun ní kọ́bọ̀.
Ọ̀bẹ ló fún òun, ọ̀bẹ àti korobá,
ó ní kóun lọ sétí òkun níbi tí wọ́n ti ń já ẹja,
kóun máa gé ahọ́n ẹja kọ́ọ̀dù tà.
Mo mọ ìtàn yìí bí ẹni mọ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lóru.
Ọdọọdún ni ẹja inú rẹ̀ ń tóbi sí i.
Òtútù ibẹ̀ náà ń le sí i.

Nílé tiwa, gbogbo Sátidé ni màmá mi ń ka owó
sí wa látẹ́lẹwọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan,
kì í béèrè ohun tá a fi rà.
Oddvar àbúrò mi á ti ná tiẹ̀ tán kó tó dé ẹnu ọ̀nà.
Ó ti pé ẹni ogójì ọdún báyìí,
ó ṣì ń pè mí ní gbogbo ìparí oṣù.
Nítorí náà, mi ò lè bú ọ̀bẹ Eilif tán.
Mi ò sì ní yìn ín.

Bó bá pọ̀ jù, ọmọ á rò pé ara ògiri lowó ti ń sun.
Bó bá kéré jù, ojú rẹ̀ á máa wọ àpò ọmọ ẹlòmíì.
Iyọ̀ ọbẹ̀ sàn, èèyàn ṣáà lè tọ́ ọ wò.

Ká so ó mọ́ iṣẹ́? Kó máa kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà?
Eilif ní bẹ́ẹ̀ ni.
Mo ní, ta ló ń sanwó fún mi tí mo bá fọ abọ́?
Ó dákẹ́. Ó mu kọfí tútù yẹn.

A kọ ọgbọ̀n. A fagi lé e.
A kọ ogójì, a fi àmì ìbéèrè tì í.

Ni Tarjei bá yọ láti yàrá, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan,
ìwé pélébé kan lọ́wọ́ rẹ̀.
"Kẹ́ ẹ tó pinnu," ó ní, "ẹ jẹ́ ká yanjú ti tẹ́lẹ̀."
Ó ṣí i. Lẹ́tà rẹ̀ ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn:

Pápá, ogún, búrẹ́dì, ọjọ́ tí káàdì ò ṣiṣẹ́.
Màmá, mẹ́wàá, ibi ìgbọ́kọ̀sí.
Pápá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ní kí n má sọ fún Màmá.

Mo wo Eilif. Eilif ń wo àjà.
Àwa tá a jókòó bí adájọ́ láti àárọ̀!
"Mi ò gba èlé," Tarjei ní, "ẹ ṣáà jẹ́ ẹbí mi."

Mo ṣí pọ́ọ̀sì, kò sí owó ẹyọ níbẹ̀,
ta ló tún ń kó o rìn nílùú yìí?
Eilif lọ tú àpò ẹ̀wù òjò rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn:
ìṣó méjì, okùn ìwọ̀,
àti ẹyọ ogún kan tí iyọ̀ òkun ti jẹ létí.
Tarjei gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó fa ìlà kọjá lórí búrẹ́dì.
"Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."
Ó wọlé lọ.

Mo mú bírò, mo pa àmì ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ ogójì rẹ́.
Eilif gbà á lọ́wọ́ mi, ó rọra kọ sábẹ́ rẹ̀:
àti gbèsè.
Atẹ́gùn òkun ń gbá fèrèsé.

Mo ní, Eilif,
mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn,
kí lo fi rà?