Àgbá Oúnjẹ Adìẹ

Jórinjórin ni bàbá mi ní Láfẹ́nwá,
kò mọ páì.
Ìyáàfin Ṣódẹ́yẹ ní kó ṣe àgbá oúnjẹ adìẹ:
òkè rẹ̀ roboto bí garawa,
ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣóńṣó bí àrọ.
“Àpò mélòó ni yóò gbà?”

Mo fa gègé yọ. Bàbá ká páànù méjì,
ọ̀kan ṣóńṣó, ọ̀kan gbọọrọ,
ẹnu kan náà, gíga kan náà.
Ó fi ṣóńṣó bu yanrìn odò Ògùn:
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì…
ẹ̀ẹ̀kẹta ni gbọọrọ kún dé etí.

Ìdámẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé mi wí.
Mo ro òkè, mo ro ìsàlẹ̀, mo pa wọ́n pọ̀:
àpò mọ́kànlélógún.

Bàbá ní ogún.

“Fadérera, ọkà kì í tẹ́jú bí omi.
Orí òun náà ṣóńṣó.
Yọ àyè etí rẹ̀.”