Bíríkì Wọ́sọ̀

Bíríkì kan ló ń tẹ tapólì mọ́lẹ̀ lágbàlá wa l'Ókèlísà,
kí atẹ́gùn má baà ká a kúrò lábẹ́ kòkó tí a sá.
Pupa rẹ̀ kò jọ ti ilẹ̀ yìí.
Etí rẹ̀ kan dúdú bí ìdí ìkòkò:
iná ogun ló jó o,
kí bàbá mi Akíngbóyè tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Wọ́sọ̀.

Owó kòkó ọdún méjì ló gbé e débẹ̀,
àti ìwé ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí wọ́n tẹ idì tí kò dádé sí lórí.
Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sínú àlàpà,
wọ́n á fi òòlù gbá sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò lára bíríkì,
ogójì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹun.
Láti inú òkú ilé ni wọ́n ti ń bí ilé.
Ìjọba ní kí òpópónà dìde, òpópónà sì dìde.
Bíríkì kan ni bàbá mi fi pamọ́ sínú àpótí.

Ṣùgbọ́n Màmá Hàlínà tó gbà á sílé
á kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi, kó máa ya wàà,
kó tó sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.
Ògiri létí, a mọ̀.
Tiwọn, bíríkì tuntun ni wọ́n fi mọ etí náà.

Ó tò fún wákàtí mẹ́ta nínú yìnyín láti ra ṣokoléètì.
Ó bù ú jẹ, kò gbúròó kòkó níbẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó dé, wọ́n fún un ní tábìlì kan ní Alágbàáka.
Ó ya ètò ọlọ́dún márùn-ún:
ilé iṣẹ́ tí yóò máa lọ kòkó l'Oǹdó níbí.
Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ta ni kọngílá?"
Ó ní ará ìlú ni.
Wọ́n ń pè é ní Kọ́múrédì títí ó fi fẹ̀yìn tì.
Ikán jẹ fáìlì náà láti etí wọ àárín.

Mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan, èwo ló sàn:
ìjọba tó ń kọ́lé tí kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀,
àbí èyí tó ń jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ lọ.
Ó dìde, ó lọ ṣí ẹ̀rọ omi.
Ẹ̀rọ náà mí hẹ̀ẹ̀.
Ọdún kẹfà rèé tí omi ti yọ níbẹ̀ kẹ́yìn.
Ó jókòó padà, kò fèsì.

Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Ìdànrè.
Yèyé kígbe pé ká wá kó kòkó.
Èmi ni mo gbé bíríkì náà.
Ó ṣì gbóná.